Ẹni Karùn-ún Nínú Ìwé Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń gbé wá bá mi: kí ni ká máa ṣe lẹ́yìn kíláàsì, tí àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ̀ pé a ṣe tán? Màá dáhùn. Àmọ́ ibi tí mo ti kọ́ ìdáhùn náà kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí ni, nínú ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ògiri rẹ̀ kan ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, tó fi jẹ́ pé láti àárọ̀ ni ilẹ̀ á ti máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí àwọn àpótí irin tó kún fún káàdì á máa dún bí eyín ẹni tí òtútù mú. Tó bá di agogo méjì ọ̀sán tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ṣíftì, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí. Ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo látàárọ̀, tó wá panu mọ́ kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti wá, mo ní ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Agége mọ ẹnì kan, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun. Ẹni tó sọ mí di òṣìṣẹ́ ni Mátíróònù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni dín nǹkan kù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n ka èémí ọkùnrin kan tó ń wúkọ́.

“Mélòó lo kà?”

“Méjìdínlógún, Mà.”

“Fún odidi ìṣẹ́jú kan?”

“Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni, Mà. Mo ka mẹ́sàn-án, mo wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.”

“Ta ló rán ọ ní ìlọ́po méjì? Ààbọ̀ tó kù yẹn, ó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yìí fẹ́ kú sí. Padà lọ kà á.”

Mo padà. Ogún ni mo kà.

Mátíróònù ló kọ́ mi pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun kò ní mí bó ṣe ń mí mọ́. Nítorí náà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ dì mú, wàá fi ìka méjì wá iṣan tó ń lù, wàá kà á fún ìṣẹ́jú kan. Tó o bá kà á tán, má tíì fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ṣe bíi pé iṣan lò ń kà síbẹ̀, kó o máa fi ojú wo àyà rẹ̀, kó o ka èémí fún ìṣẹ́jú kejì. Atàǹpàkò kò gbọ̀dọ̀ kàn án, torí atàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀, ó lè jẹ́ ara rẹ lo máa kà. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi kọ́ gbogbo ẹni tó kọjá lọ́wọ́ mi.

Òfin wọn kejì le jù. Tí òṣìṣẹ́ kan bá kú, a ó mú káàdì rẹ̀ jáde, a ó pe orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀ka tó ti ń ṣiṣẹ́ sókè, a ó fi sísọ́ọ̀sì gé etí káàdì náà lápá ọ̀tún, a ó sì fi í sí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá. Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ kọ nǹkan kan sí i mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àmì báírò lásán.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n wò mí bíi pé mo béèrè ìdí tí a fi ń fọwọ́.

“Káàdì tí a bá ṣì ń kọ nǹkan sí,” ni wọ́n wí, “ṣé kì í ṣe ti ẹni tó ṣì ń bọ̀ wá ni?”

Nígbà tí SAP dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í tán níwájú wa. Sirínjì onígíláàsì tí à ń sè lórí sítóòfù fọ́ títí ó fi ku méjì. Báńdéèjì, à ń fọ̀ ọ́, à ń sá a sóòrùn. Fáànù ńlá tó ń fa èéfín jáde ní ẹ̀ka aró bàjẹ́, òkè òkun ni irin tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe wà, kò sí dọ́là. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Mátíróònù fẹ̀yìn tì, wọ́n kó lọ sílé, èmi ló kù pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan àti dókítà tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn yunifásítì náà ń tì, wọ́n ń ṣí: àwọn olùkọ́ á yan iṣẹ́ lódì, àwọn ológun á lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé. Àwọn ọmọ tó ní ìwé Dókítà lọ́kàn kàn ń jókòó sílé ni.

Bí iṣẹ́ kejì mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Ọ̀gbà tí wọ́n ti ń ṣe A-Level. Olùkọ́ kan níbẹ̀ wá béèrè bóyá àwọn ọmọ òun lè máa wá wo bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo dókítà tó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ni mo ń bi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ń yàn yín, kí ni wọ́n bi yín?” Mo ń kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé ńlá kan. Ohun tí mo rí fà yọ ni pé àwọn tó ń yan èèyàn tètè máa ń mọ ọmọ tó kàn ń sáré kiri gba ìbuwọ́lùwé. Ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án kò mọ ẹnì kankan. Nítorí náà, mẹ́rin péré ni mo fi sínú ètò mi. Ọjọ́rú, wákàtí méjì lọ́dọ̀ wa, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ̀lé aláìsàn márùn-ún kan náà. Àárọ̀ Sátidé, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ní pápá ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó dìde níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kó ṣàlàyé ohun kan, bí omi sísè, láìlo ọ̀rọ̀ òyìnbó kan. Ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò kan àìsàn rárá: ọmọ kan ń ta ayò, òmíràn ń ránṣọ. Mo fẹ́ràn aṣọ rírán jù, torí ó ń mú ọwọ́ dúró.

Gbogbo ojú ìwé ni mo ń buwọ́ lù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Ìwé tí ojú ewé kan ṣoṣo bá ṣófo láìsí ìbuwọ́lùwé mi, mi ò ní lu òǹtẹ̀ sí i. Àṣírí aláìsàn náà kò gbọ̀dọ̀ jáde, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ orúkọ: ibi tí onítọ̀hún jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì àti ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń kọ.

Ọdún kan wá dé tí káàdì tán pátápátá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ń bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò káàdì márùn-ún, ìyẹn ogójì. Mo fi ọjọ́ méjì wá a. Mo wá rántí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn káàdì yẹn mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Mátíróònù kò mọ̀ pé SAP ń bọ̀. Mo ka ogójì jáde, mo pín in, mo ní kí wọ́n máa kọ iye tí wọ́n bá kà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó dà á kọ sínú ìwé wọn, kí ẹnikẹ́ni má yí i padà wo iwájú. Ẹnì kan béèrè ìdí tí etí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ gígé. Mo ní kí wọ́n lè mọ̀ pé ti ìdánrawò ni.

Mọ́rẹ́nikẹ́ wà lára wọn. Ọmọ ogún ọdún ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ láti Oǹdó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú ìṣègùn. Lẹ́ẹ̀kejì, máàkì rẹ̀ pé, àmọ́ níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kò rí nǹkan kan sọ tó ṣe rí. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni òpin. Tí kò bá bọ́ sí i, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni yóò lọ. Nítorí náà, ìwé tó ń kọ lọ́dọ̀ mi yẹn ni gbogbo ohun tó ní.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo jókòó láti buwọ́ lù ú. Ẹni mẹ́rin àkọ́kọ́ dára. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni karùn-ún: “Ọkùnrin àgbà, ìgbẹ̀yìn bẹ́ǹṣì, ẹ̀ka aró.” Èémí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ẹ̀kẹfà: mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, méjìdínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì. Níbi tó yẹ kí iye iṣan wà, ohun kan náà ló kọ lẹ́ẹ̀mẹfà: “Mi ò rí i.”

“Kí lo ò rí, Mọ́rẹ́nikẹ́?”

“Iṣan Bàbá yẹn ni, Àǹtí.” Ojú tì í. “Mo máa ń wá a títí. Ọwọ́ wọn tutù, ó jọ pé ìdí nìyẹn. Ṣé mi ò tíì mọ̀ ọ́n wá dáadáa ni?”

Ó ń rí tàwọn mẹ́rin yòókù. Mo na ọwọ́ gba káàdì náà, mo yí i padà.

Bàbá Lámídì ni. Ẹ̀ka aró. Lẹ́yìn tí fáànù yẹn bàjẹ́, àwọn ni èéfín mú jù, dókítà sì ní kí n máa ka èémí wọn ní Ọjọ́rú Ọjọ́rú. Ìwé ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀: mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, méjìdínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì. Ó dúró síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ti kọjá.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni bó ṣe dúró síbẹ̀. Ní Ọjọ́rú keje, Bàbá Lámídì wá lágogo méjì. Ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ni mò ń kọ lọ́wọ́, mo ti fa ìlà tán, orí mi gbóná fún un. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la.” Wọ́n ní, “Kò burú, Àǹtí Káàdì.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti kú sílé wọn ní Agége. Ká ní mo kà á lọ́jọ́ yẹn ni, iye tí mo máa rí ì bá mú mi pe dókítà.

Ẹ̀rù bà mí, mo wá fi ìbínú bò ó.

“Ṣé o ti wo iwájú káàdì yìí rí?”

“Rárá, Àǹtí. Ẹ ní ká má yí i padà.”

“Ohun tí mo sọ kọ́ ni mo bi ọ́. O dà á kọ, àbí?”

“Kí ni mo dà kọ?” Mo fi hàn án. Ó kà á, ó tún kà á, ìka rẹ̀ wá dúró lórí etí tí a gé. “Àǹtí, kí ni gígé yìí túmọ̀ sí gan-an?”

Mo sọ fún un. Nígbà tó lanu, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Mo kà wọ́n, Àǹtí. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun.”

Mo ṣe ohun tí ẹ̀rù ń mú èèyàn ṣe. Mo ní ká ya ojú ewé yẹn dànù. Ká fi Sàká rọ́pò, ọ̀dọ́kùnrin aláró tó máa ń jókòó sí tòsí ibẹ̀. Màá buwọ́ lu ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bíi pé òun ló ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Iye tèmi náà ńkọ́?”

“Wàá kọ èyí tó bá dára.”

“Tí mo bá kọ èyí tó bá dára,” ó ní, “ta ni mo wá kà?”

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì jọ jáde síta ni. Bẹ́ǹṣì náà wà lábẹ́ ìbòji ìta, èèyàn mẹ́jọ ló ń gbà. Méje ló jókòó, àwọn méjì dúró. Ìgbẹ̀yìn ṣófo. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Mo ní, “Sàká, sún sí ìpẹ̀kun jàre. Ṣé o ò rí àwọn tó dúró ni?”

“Háà, Àǹtí Káàdì, ṣé kí n jókòó lé ẹni ẹlẹ́ni lẹ́sẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. “Mo rò pé ẹnì kan wà níbí ni o.”

Mọ́rẹ́nikẹ́ ti kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán, Bàbá.” Ó nawọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo rí gan-an: mi ò rí ẹnì kankan. Àmọ́ ìka ọmọ náà pa dé lórí afẹ́fẹ́, kò sì pa dé tán. Ó dúró níbi tí ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà yóò ti dá a dúró. Atàǹpàkò rẹ̀ yà sọ́tọ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú kan.

“Mi ò rí i,” ó ní.

Ìṣẹ́jú kejì bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kúrò níbi ọwọ́, ó lọ sókè díẹ̀. Mi ò mọ ohun tí èmi fẹ́ kà. Mo wá rí ìwé rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì náà. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́, ewé igi kò mì, síbẹ̀ etí ojú ewé náà ń gbéra díẹ̀, ó ń wálẹ̀. Ó ń gbéra, ó ń wálẹ̀, kíákíá, bí ohun tó ń wá àyè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí aago. Mi ò mójú kúrò.

“Ogójì,” ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí.

Ogójì ni èmi náà kà.

Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́, Àǹtí. Wọ́n ní tiyín ni.”

Mo mú báírò. Mo yí káàdì náà sí iwájú, mo kọ ogójì sábẹ́ mẹ́rìndínlógójì, lòdì sí òfin Mátíróònù. Ẹ̀rọ bú sókè padà. Sàká sún sí ìpẹ̀kun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún sọ fún un, ó sì fò dìde.

“Ibí yìí mà tutù o! Ta ló da omi síbí?”

Kò sí omi níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo ka èémí gbogbo àwọn ọkùnrin ẹ̀ka aró, odidi ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tàwọn mẹ́ta ti kọjá ọgbọ̀n, Sàká sì wà lára wọn. Mo gbé e lọ bá dókítà, mi ò sì jókòó títí wọ́n fi ti ẹ̀ka náà pa di ìgbà tí wọ́n rí fáànù mìíràn. Mo kó ogójì káàdì yẹn padà sí dúrọ́ọ̀. Láti ìgbà náà, páálí tí wọ́n ń wé aṣọ mọ́ ni mò ń gé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Títí tí ọ̀sẹ̀ méjìlá fi pé, ohun tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ń kọ fún ẹni karùn-ún ni “Kò wá.” Ojú ewé ẹni karùn-ún yìí nìkan ló kù tí mi ò tíì buwọ́ lù, nítorí ogójì ọ̀sẹ̀ keje. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ìwé rẹ̀ kò pé. Tí mo bá sì buwọ́ lù ú, àwọn tó máa kà á lè pe àwa méjèèjì ní wèrè. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Mo wà níbẹ̀. Èmi náà ka ogójì.” Mo buwọ́ lù ú, mo lu òǹtẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì sún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọn síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún wa. Ó yára, mo sì fi oṣù mẹ́ta kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò fẹ́ràn nípa rẹ̀: tó o bá fi àyè iṣan sílẹ̀ lófìfo, kì í jẹ́ kó o kọjá. Àfi kó o fi nọ́ńbà kan sí i, nọ́ńbà èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi méjìléláàádọ́rin sí i. Èmi máa ń dìde, màá lọ wá ẹni náà kàn lórí bẹ́ǹṣì.

Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ jáde, ó sáré wá sílé mi ní Agége pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí a fò, tí a jó, mo ní kó jókòó kó sọ bó ṣe lọ.

Ó ní àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó síwájú òun: ọ̀dọ́ méjì, àti dókítà àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ló ṣí ìwé náà sí ojú ewé ẹni karùn-ún.

“Ẹni tó ń mí, tí kò ní iṣan tó ń lù. Ọ̀sẹ̀ méje. Ṣé ò ń fi wá ṣeré ni?”

“Rárá, Sà. Mo wá a, mi ò rí i, mo kọ ọ́ pé mi ò rí i.”

“Kí ló dé tó ò fi nọ́ńbà kan sí i? Àwọn ẹlòmíràn ì bá fi sí i.”

“Nọ́ńbà ta ni ǹ bá fi sí i, Sà?”

Dókítà àgbà yẹn gba ìwé náà, wọ́n ka ìlà tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, àwọn fúnra wọn ló dìde sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn méjì yòókù má baà gbọ́.

“Ọwọ́ wọn tutù, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Sà.”

“Tèmi, obìnrin ni,” ni wọ́n wí. “Ọdún kejì tí mo di dókítà. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.”